Ọmọ mi ju aṣọ Ireland sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́yìn tí Faransé nà wá. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌyáTìmí_Tallaght
Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta 2025, aago 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé yíyá àti ìwé ìgbélùú ló pọ̀ jù níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Bọ́ọ̀lù rọ́gbì. Ẹ bá mi dá sí i, torí mi ò sùn dáadáa.

Ọmọ mi Tìmílẹ́yìn pé ọmọ ọdún 11 lóṣù Kìíní. Ilẹ̀ yìí ni mo bí i sí. Lánàá, Faransé wá bá wa ní pápá Aviva, wọ́n sì fi 42 sí 27 nà wá. Lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí Dan Sheehan gbé try tiwa wọlé (try ni kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn tí wọ́n jọ ń gbá) tí a ń fi 13 sí 8 ṣíwájú, ṣe ni Tìmí ń fò lórí àga. Mo ní kí n sáré lọ ro ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kí n tó padà dé, pálọ̀ ti dákẹ́. Try lé try ni Faransé ń gbé wọlé, ọmọ yìí ò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò sunkún o. Ká ló sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó bọ́ aṣọ green tí mo rà fún un nígbà Kérésì, ó ká a dáadáa bí ẹni ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e lọ sí kíṣìnnì, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò jẹun alẹ́. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé, "Mọ́mì, ọdún kẹta tó yẹ ká gba Six Nations léra wọn nìyí. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Wọ́n ti bà á jẹ́." Ìdíje ọdọọdún ti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló ń sọ. Ó ní òun ò lọ sí treni mọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tó tún dùn mí ni ti àwọn àgbà. Nínú WhatsApp àwọn òbí kọ́lọ́ọ̀bù, láti alẹ́ àná ni wọ́n ti ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bàbá kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ yìí ti parí, kí wọ́n tú u ká. Ẹgbẹ́ tó na England, Scotland àti Wales nínú ìdíje yìí kan náà!

Ìbàdàn ni èmi àti bàbá Tìmí ti dàgbà. Shooting Stars ni ẹgbẹ́ wa, a mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, bí England bá fi díẹ̀ na Ireland, wọ́n á jó. Ta ló wá kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé Ireland ò gbọdọ̀ pàdánù? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?

---

Ṣadé_Swords
9 Oṣù Kẹta, aago 7:41 àárọ̀

Ìyá Tìmí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ yọ aṣọ yẹn báyìí kí ẹ tó ka èsì ẹnikẹ́ni. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jáde lára aṣọ tó bá ti gbẹ síbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí kò ti ní rí i, ẹ má sì bá a sọ ọ̀rọ̀ aṣọ. Òun fúnra ẹ̀ ló máa béèrè rẹ̀.

---

BàbáLimerick
9 Oṣù Kẹta, aago 9:05 àárọ̀

Ìyá Tìmí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni ìyá àgbà yẹn sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ọdún 2001 ni mo dé Limerick. Nígbà tí ìwé mi jáde, takisí ni mo ń wà, ẹni tó bá sì ń wa takisí ní Limerick, bó fẹ́ bó kọ̀, á gbọ́ ìtàn rọ́gbì. Gbogbo àwọn tí mo ń gbé nígbà yẹn, ìtàn ìyà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n sọ ti 1998 fún mi, ọdún tí Ireland pàdánù gbogbo bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbá nínú Five Nations, bí wọ́n ṣe ń pe Six Nations nígbà yẹn. Wọ́n sọ ti ìlú Lens ní 1999, níbi tí Ajẹntínà ti fi 28 sí 24 lé wọn kúrò nínú ife àgbáyé. Ohun tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú ni pé Munster, ẹgbẹ́ agbègbè wa, na All Blacks, ẹgbẹ́ New Zealand, 12 sí òdo ní Thomond Park lọ́dún 1978. Gbogbo arúgbó tó bá wọ mọ́tò mi ló wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn! Bí mo bá ka gbogbo wọn, Thomond Park ò lè gbà wọ́n.

Munster fúnra ẹ̀ ńkọ́? Fáínà Europe ti 2000, àmì ayò kan péré ni Northampton fi jù wọ́n lọ, 9 sí 8. Ní 2002, Leicester tún nà wọ́n. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2006, Munster tún wọ fáínà ní Cardiff, wọ́n fẹ́ kojú Biarritz. Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà kóra jọ sí O'Connell Street níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo pa takisí tì, èmi náà lọ. Ìyá arúgbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ò mọ ara wa rí. Láàrin bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé àwòrán wa lójú pópó Limerick sórí ẹ̀rọ nínú pápá ní Cardiff, gbogbo pápá bú sígbe, àwa náà ń gbọ́ igbe wọn lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá yẹn di ọwọ́ mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè. 23 sí 19. Mi ò tíì rí ìlú tó sunkún ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wòkè. Ní 2007, Ireland fi 43 sí 13 na England ní Croke Park. Àwọn èrò mi nínú takisí yí ohùn padà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ Lens mọ́, ife àgbáyé ni wọ́n ń sọ pé àwọn máa gbé bọ̀ láti Faransé. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ní Bordeaux, Georgia, tí wọ́n ò kà kún, fẹ́rẹ̀ẹ́ nà wá: 14 sí 10 la fi yọ. Faransé nà wá, Ajẹntínà nà wá, a padà sílé láì wọ kọ́tà-fáínà rárá. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń gbé àwọn èèyàn tó ń bínú.

Ọdún kan ààbọ̀ péré lẹ́yìn náà ni Ronan O'Gara gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó ní Cardiff, tí a fi 17 sí 15 na Wales, tí Ireland sì gba Grand Slam (ìyẹn ni pé wọ́n borí nínú gbogbo bọ́ọ̀lù ìdíje náà) àkọ́kọ́ láti 1948. Ọdún 61!

Ẹ sọ ìtàn yìí fún Tìmí. Bí ẹ bá lè rí àgbàlagbà ilẹ̀ yìí kan tí á bá a jókòó, ó sàn ju kí ẹ̀yin sọ ọ́ lọ. Ọmọ tí kò mọ iye tí wọ́n ra nǹkan, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

---

Wálé_D15
9 Oṣù Kẹta, aago 10:32 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ìtàn yín dùn, àmọ́ mi ò fara mọ́ ibi tí ẹ parí ẹ̀ sí.

Èmi dàgbà síbí, mo gbá rọ́gbì nílé ẹ̀kọ́ girama. "Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀" yìí ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ nígbà gbogbo. Ta ló sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ní 2014 gbọ́dọ̀ máa fi 1998 dúpẹ́? Ohun tí Tìmí fojú ara ẹ̀ rí ni Ireland tó lọ bá New Zealand nílé wọn tó sì borí méjì nínú bọ́ọ̀lù mẹ́ta ní 2022, Grand Slam ní 2023 ní Dublin gan-an, Six Nations lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2024. Ipò kìíní lágbàáyé la wà fún ọdún kan gbáko. Ọmọ náà ò lá àlá, ohun tó rí ló ń sọ.

Ìgbà 10 ni Ireland ti lọ sí ife àgbáyé, ìgbà 10 náà ni wọ́n ti já ní kọ́tà-fáínà. New Zealand ò ju bíi mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀ èèyàn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé ife náà. Gbogbo erékùṣù Ireland, Àríwá àti Gúúsù, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, ju mílíọ̀nù méje lọ. Kí ló dé tí a ò ní béèrè?

Mo wà ní Stade de France lálẹ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2023, níbi kọ́tà-fáínà ife àgbáyé. Bọ́ọ̀lù 17 léra wọn la ti ń jáwé olúborí kó tó dọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi, ará Wexford, ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ fáínà. Ó fi rìsíìtì hàn mí lórí fóònù ẹ̀. New Zealand ń fi 28 sí 24 ṣíwájú, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, a ń tì í lọ, a ń tì í bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n gbé e, kó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ò dìde. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ṣì di fóònù ẹ̀ mú. Ẹ má sọ fún mi pé kó máa dúpẹ́.

Ìyá Tìmí, ọmọ yín tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó bínú.

---

TísàKẹ́mi_Galway
9 Oṣù Kẹta, aago 12:15 ọ̀sán

Àbúrò Wálé, ìṣirò rẹ ò pé. Ìgbà 10 ni wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà 8 ni wọ́n já ní kọ́tà-fáínà: 1987, 1991, 1995, 2003, 2011, 2015, 2019 àti 2023. Ní 1999 àti 2007 wọn ò débẹ̀ rárá. Bàbá Limerick ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán lókè yẹn.

Ohun kejì. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ máa ń sọ "Ireland" bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà. Ní 2013, àwọn obìnrin Ireland gba Grand Slam. Ní 2014, nínú ife àgbáyé, wọ́n na New Zealand 17 sí 14, wọ́n sì wọ sẹmi-fáínà. England ló dá wọn dúró níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ fún ọmọ pé Ireland ò kọjá kọ́tà-fáínà rí, irọ́ lẹ ń pa fún un. Ọmọbìnrin mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9. Àwọn obìnrin yẹn ò rí owó oṣù gbà fún un, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣe treni lálẹ́.

Ní ti Tìmí fúnra ẹ̀, bí mo ṣe ń rí i ní kíláàsì mi, kì í ṣe àdánù ló ń ba àwọn ọmọ nínú jẹ́ jù. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àgbà pé ó dájú, ó wá já sí pé kò dájú. Láàárọ̀ Ajé lẹ́yìn bọ́ọ̀lù New Zealand ti 2023, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ya ohun tí wọ́n bá rántí. Mo rò pé òpó àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa yà. Mẹ́ta nínú wọn ya Johnny Sexton, balógun Ireland, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó dúró tì í lórí pápá, tí ọmọ ń tu bàbá nínú. Ìyẹn ni bọ́ọ̀lù tí Sexton gbá kẹ́yìn láyé ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Tìmí ohun tí òun rántí nínú bọ́ọ̀lù àná. Ẹ má dáhùn fún un.

---

Wálé_D15
9 Oṣù Kẹta, aago 12:29 ọ̀sán

Ìgbà 8. Mo gbà, Tísà. Ti àwọn obìnrin náà, ẹ ṣeun, mi ò rò ó débẹ̀. Àmọ́ ìgbà 8 ò mú ọ̀rọ̀ mi rọrùn ju 10 lọ.

---

Mọ́mìÌbejì_Athlone
9 Oṣù Kẹta, aago 1:50 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàrin ara wa. Ìyá Tìmí ń béèrè ta ló kọ́ ọmọ yìí pé kò gbọdọ̀ pàdánù. Ṣé àwọn òyìnbó nìkan ni? Nígbà tí Tìmí mú ipò kejì wálé, kí lẹ sọ fún un? Èmi mọ ohun tí mo sọ fún tèmi. "Ṣé orí méjì ni ẹni tó ṣe ipò kìíní ní?" Ohun tí bàbá mi sọ fún mi nìyẹn, òun náà ni mo sọ fún àwọn ìbejì mi láì ronú. Lọ́jọ́ kan Taiyé dá mi lóhùn pé, "Mọ́mì, Ireland ní orí kan ṣoṣo, wọ́n ṣe ipò kìíní, wọ́n sì pàdánù." Mi ò rí ohun tí mo máa sọ. Láti ọjọ́ yẹn mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ní ti treni, ẹ má jẹ́ kó jókòó sílé o. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlá tó kù ń retí ẹ̀. Ẹni tó bá sá lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ ọ̀nà.

---

Kọ́lá_Cork
9 Oṣù Kẹta, aago 3:10 ọ̀sán

Mo wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 12 ní kọ́lọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Cork. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún kẹfà mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí.

Mọ́mì Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú yín. Ọmọ ọdún 11 tó bá fo treni ọ̀sẹ̀ kan, kò sá. Ohun tó ń lé wọn kúrò ni mọ́tò. Mò ń sọ nípa ìrìn àjò láti pápá lọ sílé. Mo ní ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ mi, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó lè sáré bí ìgalà. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú yàrá ìparọ̀ṣọ. Gbogbo ọmọ á ti lọ, òun á ṣì máa tú okùn bàtà, á tún un dè. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo rí bàbá ẹ̀ nínú mọ́tò, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, ó ti kọ gbogbo àṣìṣe ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ṣe é. Òun ló máa kà fún un títí wọ́n fi máa délé. Ọmọ yẹn ò fẹ́ wọ mọ́tò ni.

Mo bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń ràn án lọ́wọ́ ni, pé àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ olówó ní Dublin ti ń wo àṣìṣe wọn lórí fídíò láti kékeré, bí ọmọ òun ò bá ṣe é, wọn ò ní mú un. Ó sì lóye, torí níbẹ̀ lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ aṣọ Ireland ti ń wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrètí tó wà lórí ẹgbẹ́ ńlá ti ṣàn dé abẹ́ ọdún 12. Ogún ọdún sẹ́yìn, bàbá kankan ò ní mú bírò wá sí pápá àwọn ọmọdé.

Lọ́dọ̀ tiwa báyìí, àwọn òbí ò gbọdọ̀ kọjá okùn tí a ta, a kì í ka àmì ayò, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé nínú mọ́tò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa bi ọmọ: "Kí lo fẹ́ jẹ?" Ìyá Tìmí, ẹ jáde nínú WhatsApp yẹn tàbí kí ẹ pa ariwo ẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rí fóònù wa. Bí Tìmí bá ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní kó bá wọn gbé ìgò omi. Kó wà níbẹ̀, kó má gbá. Èmi àti Mọ́mì Ìbejì á lè pàdé láàrin ìyẹn.

---

Délé_Bray
9 Oṣù Kẹta, aago 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ìrètí yìí ò dọ́gba káàkiri Ireland. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Limerick àti Wálé ò fi lè gbọ́ ara wọn yé.

Leinster, ẹgbẹ́ agbègbè Dublin, ni mo ń tẹ̀ lé láti 2010. Ìràwọ̀ mẹ́rin ló wà lórí aṣọ wa, fún ife Europe 2009, 2011, 2012 àti 2018. Láti ìgbà náà, ìràwọ̀ karùn-ún la ń wá. Fáínà 2019, Saracens nà wá. 2022, La Rochelle. 2023, La Rochelle. 2024, Toulouse. Mẹ́rin! Ti 2023 ló burú jù torí Dublin níbí ni. Bí ìṣẹ́jú 12 ò tíì pé, a ti ń fi 17 sí òdo ṣíwájú, ẹni tó wà níwájú mi ti ń ya fótò ara ẹ̀. A pàdánù 27 sí 26. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá La Rochelle? Ronan O'Gara, ẹni tí Bàbá Limerick ń yìn lókè yẹn.

Láti inú Leinster ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá fún Ireland ti ń wá. Bí Leinster bá ti ń dé fáínà lọ́dọọdún, ará Dublin á máa rò pé ẹ̀tọ́ ni. Ará Limerick tí kò rí ife Europe láti 2008, tó bá gba ife kékeré, á jó wọ ọjọ́ kejì. Tallaght ni Ìyá Tìmí ń gbé, àwọn ọmọ Leinster ló yí Tìmí ká. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ.

---

BàbáLimerick
9 Oṣù Kẹta, aago 7:30 alẹ́

Délé, ife tí Munster gbà ní Cape Town ní 2023 kì í ṣe ife kékeré o! Stormers la nà nílé wọn. Àmọ́ mo gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ.

Wálé, ọmọ mi, mi ò ní kó máa dúpẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní 2007, àwọn tó gbóhùn sókè jù pé a máa gbé ife bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ju aṣọ nù. Nígbà tí a dé Cardiff ní 2009, wọn ò sí nínú mọ́tò mi mọ́. Àwọn arúgbó 1998 ló wà níbẹ̀.

---

Wálé_D15
9 Oṣù Kẹta, aago 7:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èyí yé mi. Àmọ́ ará Wexford tó jókòó tì mí yẹn kò ju aṣọ nù. Mo rí i nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì, ó ṣì wọ̀ ọ́. Èèyàn lè retí ife kó sì dúró.

---

Fúnkẹ́_Drogheda
10 Oṣù Kẹta, aago 8:02 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ ti àdánù. Ohun tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Tìmí ni pé ọmọ náà sọ pé "ó yẹ ká gba." Ká. Kò ní "ó yẹ kí wọ́n gba."

Bí wọ́n bá ń wo Super Eagles nílé wa, àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé "Nàìjíríà ti gbá a wọlé." Tó bá jẹ́ Ireland, "a ti gbá a wọlé." Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá mo rí i pé nílé ẹ̀kọ́, lọ́jọ́ tí Ireland bá jáwé olúborí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé "níbo lo ti wá gan-an?" Gbogbo wọn á wọ green, ó tán. Bundee Aki tí wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀, Auckland ní New Zealand ni wọ́n bí i sí. Cormac Izuchukwu tó wọ aṣọ Ireland fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí a gbá pẹ̀lú Fiji lóṣù Kọkànlá tó kọjá, orúkọ Ìgbò ló wà lọ́rùn ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń rí i.

Bóyá ohun tí Tìmí jù sínú garawa ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ bá a sọ ìyẹn jẹ́jẹ́.

---

ÌyáTìmí_Tallaght
10 Oṣù Kẹta, aago 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Fúnkẹ́, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì, omi bọ́ lójú mi. Mọ́mì Ìbejì, mo ti sọ ọ̀rọ̀ orí méjì yẹn rí. Oṣù tó kọjá ni mo sọ ọ́ kẹ́yìn.

Mo bi í léèrè bí Tísà ṣe ní kí n ṣe. Mo rò pé try Faransé ló máa sọ. Ó ní ohun tí òun rántí ni Cian Healy tó gbé try wọlé nígbà tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́, pé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Healy, Conor Murray àti Peter O'Mahony máa gbá nílé nìyẹn, pé ó yẹ ká fi ìṣẹ́gun dá wọn lọ́lá. Ìyẹn ló ń dùn ún. Mi ò mọ̀ rárá.

Mo sọ ti Georgia fún un. Kò gbà mí gbọ́, ó lọ wò ó lórí fóònù bàbá ẹ̀.

---

ÌyáTìmí_Tallaght
Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta 2025, aago 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n jábọ̀.

Lánàá, àwọn ọmọ mẹ́rin wá sílé wa láti wo Ìtálì àti Ireland ní Róòmù. 22 sí 17 la fi nà wọ́n, Dan Sheehan nìkan gbé try mẹ́ta wọlé. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ò yọ̀? Ọ̀kan ní Ìtálì lásán ni, pé ó yẹ ká fi ọgbọ̀n nà wọ́n. Òmíràn ní àwa tí a gba Triple Crown, tí a na England, Scotland àti Wales, ipò kẹta la tún wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mo ń gbọ́. Tìmí ní, "Ẹ mọ̀ pé Georgia fẹ́rẹ̀ẹ́ nà wá ní Bordeaux?" Wọ́n ní irọ́ ni. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú takisí Bàbá Limerick. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, àmọ́ ní 2027, ní Ọsirélíà, a ò gbọdọ̀ já ní kọ́tà-fáínà. Wálé, inú yín á dùn.

Lónìí ó lọ sí treni. Ìgò omi ló gbé fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó wá ní òun fẹ́ gbá. Kò tíì béèrè aṣọ. Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí Ṣadé sọ fún mi, ṣùgbọ́n oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti mú un díẹ̀ lábẹ́ apá. Nígbà tí mo ń gbé aṣọ sínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́ yìí, mo rí i pé kò sí níbi tí mo fi í pa mọ́ sí. Abẹ́ súwẹ́tà ló wọ̀ ọ́ sí.

Bàbá Limerick, ó ní kí n bi yín, kí ni ìyá arúgbó yẹn sọ nígbà tí wọ́n fọn fèrè?

---

BàbáLimerick
16 Oṣù Kẹta, aago 9:03 alẹ́

Ẹ sọ fún un pé kò sọ nǹkan kan. Ó jù ọwọ́ mi sílẹ̀, ó jókòó sí etí títì, ó bọ́ bàtà ẹ̀ méjèèjì. Láti aago 10 àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró.